Ilé Ẹ̀kọ́ Àlùfáà àti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àwọn Àgbà

Àyẹ̀wò bí a ti ṣe ń kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá láti ọdún 1827 títí di òní

Ẹni tí ó bá ti Ọ̀wọ̀ jáde, tí ó sì dojú kọ ọ̀nà Ifọ̀n, yóò wọ inú ilẹ̀ Ọ̀sẹ́, níbi tí àwọn ìlú kéékèèké pọ̀ sí, tí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kòkó sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn. Ìjàgbà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí. Orúkọ rẹ̀ kò kún inú ìwé ìtàn, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni a ti bi mí ní ìbéèrè kan tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà níbẹ̀ ni ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan mo wàásù níbẹ̀ lórí ìdáláre nípa ìgbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo kọ ìwé gígùn lórí rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí n tó gba oyè, mo sì mọ ohun tí àwọn ará Jámánì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wí nípa rẹ̀ láti ìgbà Luther wá. Nígbà tí ìsìn parí, ìyá àgbàlagbà kan tí kò mọ ìwé wá kí mi ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Ó ní, “Àlùfáà wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọ̀rọ̀ kan ni kò yé mi nínú ẹjọ́ tí ẹ rò fún wa. Ẹ ní Ọlọ́run dá wa láre. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, bí àwọn àgbà bá dá ọ̀kan láre tí wọ́n sì dá èkejì lẹ́bi, ẹjọ́ kò tíì parí. Wọn a pe àwọn méjèèjì súnmọ́ ara wọn, wọn a pa obì, àwọn méjèèjì a sì jẹ ẹ́, kí inú lè mọ́. Nínú ẹjọ́ tiwa yìí, ta ni ó pa obì náà, ta ni ó sì jẹ ẹ́?”

Mo dáhùn bí mo ti lè ṣe. Mo sọ̀rọ̀ nípa tábìlì Olúwa, ìyá náà sì dúpẹ́, ó lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀nà bí mo ti ń padà bọ̀, ojú ń tì mí. Nínú gbogbo ojú ewé tí mo kọ kí n tó gba oyè, kò sí ibi kan tí mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí. Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù Mímọ́ tìkára rẹ̀, nínú orí karùn-ún ìwé tí ó kọ sí àwọn ará Róòmù, so ìdáláre mọ́ ìlàjà, tí kò jẹ́ kí ọ̀kan ya èkejì. Mo ti ka orí náà ní èdè Gíríìkì. Ìyá Ìjàgbà ni ó kà á fún mi ní èdè Yorùbá.

Èyí ni ó mú kí n fẹ́ yẹ ọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà wò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kí ni ó ti fún wa? Kí ni kò fún wa? Níbo ni àwọn baba wa tí iṣẹ́ wọn dúró títí di òní ti rí èyí tí ilé ẹ̀kọ́ kò fún wọn? Nípa èso ni a ń mọ igi. Nítorí náà ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fi sílẹ̀ ni n ó fi ṣe ìwọ̀n ìdájọ́ mi.

I. Fourah Bay àti Àjàyí Crowther

Ní ọdún 1827 ni ẹgbẹ́ C.M.S. dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Sàró láti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí yóò di olùkọ́ àti òjíṣẹ́ Ìjọ. Àjàyí, ọmọ Òṣoogùn, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. A kó o lẹ́rú ní ọdún 1821, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Gbogbo wa ni a mọ ìyókù: a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843, a sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọdún 1864.

Ohun tí a kì í sábà rò ni ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti wá. Fourah Bay kọ́ ọ ní gírámà, ó sì fi ọ̀nà hàn án bí a ti ń tú èdè palẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ kan níbẹ̀ tí ó lè kọ́ ọ ní òwe. Ẹ mú ìwé gírámà àti ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1852, kí ẹ ṣí i níbikíbi. Ẹ ó rí i pé nígbà tí ó bá fẹ́ fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan hàn, òwe ni ó fi ń ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀ nígbà púpọ̀. Ẹnu àwọn ará Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti àwọn mìíràn tí ó wà ní Sàró, àti lẹ́yìn náà ní Abẹ́òkúta, ni ó ti gbọ́ wọn. Ọkùnrin tí ó mọ Látìnì jókòó ti àwọn tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ó sì ń kọ ohun tí wọ́n ń wí sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Nítorí èyí ni Bíbélì Yorùbá, tí a parí ní ọdún 1884 lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún àti ọwọ́ ènìyàn púpọ̀, fi jẹ́ ìwé tí ìyá àgbà lè gbọ́ kí ó sì yé e. Bí ó bá jẹ́ pé Fourah Bay nìkan ni Crowther lọ, ìbá tú ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, à bá sì ní Bíbélì tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ aṣọ Yorùbá.

II. Abẹ́òkúta àti Samuel Johnson

Ilé ẹ̀kọ́ kejì tí mo fẹ́ wò ni èyí tí C.M.S. ní ní Abẹ́òkúta, tí Gottlieb Friedrich Bühler, ará Jámánì, jẹ́ olórí rẹ̀. Samuel Johnson wà níbẹ̀ láti ọdún 1863 títí dé 1865. Bühler fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà gbòòrò, kí àwọn ọmọ mọ ìtàn ayé àti ohun púpọ̀ ju Bíbélì àti orin lọ. Nínú àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn kan rò pé ẹ̀kọ́ yìí ti ga jù fún àwọn tí a fẹ́ rán lọ sí ìletò. Ẹ kíyè sí i pé àríyànjiyàn tí a ń ṣe lónìí kì í ṣe tuntun: ó ti lé ní 150 ọdún tí a ti ń bi ara wa bí ìmọ̀ ṣe yẹ kí ó ga tó fún ẹni tí yóò ṣọ́ àgùntàn Olúwa ní oko.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Johnson kọ ni ó dáhùn àwọn tí ó ń ṣàròyé náà. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897. A fi í ránṣẹ́ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù sí ọwọ́ àwọn tí a fi í rán sí. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Ogun ńlá ti 1914 sí 1918 tún dá a dúró. Ní ọdún 1921 ni ó tó jáde. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, Johnson sọ ohun tí ó dùn ún: pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn kò sì mọ ti ilẹ̀ wọn.

Bí ó ti mọ ọ̀nà tí àwọn òyìnbó ń gbà kọ ìtàn, Bühler ni a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí Johnson fi orúkọ wọn hàn pé wọ́n sọ ìtàn fún òun ni David Kúkọ̀mí, baba ìjọ Ìbàdàn, Josiah Òní, Tìmì Lágúnjú ti Ẹdẹ, àti àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́. Àwọn wọ̀nyí ni yunifásítì rẹ̀ kejì. Kí a má sì gbàgbé pé nígbà ogun Kírìjì, ní ọdún 1886, òun àti Charles Phillips ti Oǹdó ni ìjọba Èkó rán lọ sí àgọ́ àwọn jagunjagun láti bá wọn wá àlàáfíà. Àlùfáà méjì ni, wọ́n ń rìn láàárín ogun méjì, wọ́n sì mọ bí a ti ń bá Balógun sọ̀rọ̀ àti bí a ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ tí ó lè bi ènìyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò ni èyí, nítorí náà n kò ní fi àbùkù ìwé náà pamọ́. Ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Nínú àwọn ọmọ méje tí ó kà fún wa pé wọ́n pín láti ilé kan náà lọ jọba káàkiri, a kò rí Ọ̀wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn àwọn ará Ọ̀wọ̀ tìkára wọn wí pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni Òjùgbélú, baba àwọn Ọlọ́wọ̀, ti jáde wá. Nígbà tí Ekpo Eyo gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìgbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀ láàárín ọdún 1969 àti 1971, ó rí àwọn ère amọ̀ tí a kà sí ìgbà ọ̀rúndún 15, tí ó jọ ti Ifẹ̀ tí ó sì tún ní àmì Bìní. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ níbi tí ìwé dákẹ́. Kí ni ó fà á tí Johnson kò fi mọ̀? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn àgbà Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni ó jókòó sí, kò jókòó sí ti Ọ̀wọ̀. Ibi tí ó gbọ́ ni ó kọ. Ẹ̀bi náà kò wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ èyí tí ó mọ̀. Ọ̀dọ̀ àwa tí a wà ní ìhà ìlà-oòrùn, tí a ti kàwé jù ú lọ láti ìgbà náà, tí a kò sì kọ èyí tí ó kù, ni ó wà.

III. Oǹdó àti E. M. Lijadu

Èyí tí ó tún súnmọ́ wa jù ni iṣẹ́ Emmanuel Moses Lijadu, tí ó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó. Kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Ní ọdún 1886 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde tí ó kó orin Aríbilósòó, akéwì Ẹ̀gbá, jọ. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé méjì ní èdè Yorùbá, ọ̀kan lórí Ifá, èkejì lórí Ọ̀rúnmìlà, tí a tún tẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní ọdún 1972.

Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ oníwàásù ń dá Ifá lẹ́bi láìtíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, Lijadu lọ jókòó ti àwọn babaláwo, ó gba ẹsẹ̀ Ifá sílẹ̀, ó gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ohun tí ó fara mọ́ àti ohun tí kò fara mọ́ hàn. Onígbàgbọ́ ni ní tòótọ́, kò sì fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tí yóò bá ènìyàn jiyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí olúwarẹ̀ ń wí. N kò fara mọ́ gbogbo ìdájọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ó ń yára jù láti fi ọ̀rọ̀ Ifá ṣe ọ̀nà sí Kristi, kí ẹsẹ̀ náà tó sọ tirẹ̀ tán. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú ìwé rẹ̀ tí n kò rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé àwọn tí ó gba oyè lẹ́yìn rẹ̀: babaláwo tí ó mọ̀wé lè kà á, kí ó sì dá a lóhùn. Èdè tí a fi bi í ni ó fi kọ ọ́.

IV. Ìbàdàn àti àwọn oyè gíga

Ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Abẹ́òkúta kúrò níbẹ̀ lọ sí Èkó lẹ́yìn ìjà tí ó lé àwọn òyìnbó jáde ní ọdún 1867, ó sì dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896, níbi tí a ti mọ̀ ọ́n sí St. Andrew's College. Lórí ilẹ̀ náà ni Yunifásítì Àjàyí Crowther wà lónìí. Láti inú iṣẹ́ yìí náà ni Melville Hall ti jáde fún àwọn tí yóò di àlùfáà. Ní ọdún 1958 àwa Áńgílíkà àti àwọn Mẹ́tọ́díìsì pa ọwọ́ pọ̀, a sì dá Immanuel College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn Onítẹ̀bọmi ti ní tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1898. Lónìí a ní Vining College ní Àkúrẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ àlùfáà ìhà ọ̀dọ̀ wa ti kọ́ ẹ̀kọ́, a sì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí ó fẹ́ gba oyè kejì àti ẹ̀kẹta ní Abẹ́òkúta, tí a fi orúkọ Crowther pè.

Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ fún èyí. Láti inú ilé ẹ̀kọ́ gíga ni Bọ́lájí Ìdòwú ti jáde, ọmọ Ìkòròdú, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, tí ó gba oyè dókítà ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1955, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde ní ọdún 1962. Ìwé náà dá àwọn òyìnbó lẹ́kun tí wọ́n ń wí pé àwọn baba wa kò mọ Ọlọ́run. Ìdòwú mọ ẹsẹ̀ Ifá, ó mọ orin ìsìn, ó mọ ìtàn. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà gẹ́gẹ́ bí Johnson ti jókòó. Ṣùgbọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ ọ́, nítorí àwọn tí ó fẹ́ dá lóhùn ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ìdí tirẹ̀. Àwa tí a tẹ̀lé e ni a kò ní ìdí kankan ju pé báyìí ni a ṣe ń gba oyè.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ fi ọwọ́ lé àrùn náà gan-an. Crowther, Johnson, Lijadu àti Ìdòwú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ méjì: èyí tí ó ní pátákó àti èyí tí ó ní ẹní. Ní ìgbà tiwọn, kò sẹ́ni tí ó ní láti fi òfin mú wọn lọ sí èkejì, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Lónìí ọmọ tí a bí ní ìlú ńlá, tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń jẹ ọmọ níyà bí ó bá sọ Yorùbá, tí ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí yunifásítì, lè di àlùfáà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún láìtíì jókòó gbọ́ ẹjọ́ àgbà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Ilé ẹ̀kọ́ kejì ti ti ìlẹ̀kùn, ilé ẹ̀kọ́ kìíní kò sì tíì mọ̀ pé ó ti tì í. Ó ń kọ́ni bí ẹni pé òwe, ìtàn àti ọ̀nà ìlàjà ṣì ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ nílé.

V. Àwọn tí ó ní kí a pa ilé ẹ̀kọ́ tì

Àwọn kan yóò gbọ́ èyí, wọn yóò sì wí pé, “A ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ nìkan ni ó ń dá òjíṣẹ́.” Wọn yóò tọ́ka sí Joseph Babalọlá, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń tẹ ọ̀nà, tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, tí ìsọjí sì bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní ọdún 1930 nípasẹ̀ ìwàásù rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìjọ wa tọ̀ ọ́ lọ, nítorí pé ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa àìsàn, àgàn àti ìbẹ̀rù, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ wa kò ní ìdáhùn sí nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé tí a kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìjọ tí ó jáde láti inú ìsọjí náà ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà tirẹ̀ lónìí ní Ilé-Ifẹ̀. Iná lè ràn láìsí ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọ bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ẹ̀kọ́ òdì bá wọlé, tí owó bá ń kọjá lọ́wọ́ ènìyàn, a ó wá ẹni tí ó mọ Ìwé Mímọ́ láti ìpìlẹ̀, tí ó mọ ìtàn Ìjọ, tí ó sì lè fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ìmọ̀ díẹ̀ kò wo àrùn ìmọ̀ tí kò ní gbòǹgbò.

Ẹ tún rántí ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn apànìyàn wọ ilé ìsìn Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, tí ènìyàn bí 40 sì kú níwájú pẹpẹ. Gbogbo ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ni ó ṣọ̀fọ̀, kò sì sí ìjọ tí kò pín nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ohun méjì ni a ń béèrè lọ́wọ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé ń bi í pé èéṣe tí Ọlọ́run fi gbà á. Bí kò bá ti ka ìwé Jóòbù dáadáa, tí kò sì mọ ohun tí àwọn baba Ìjọ ti ronú nípa ìjìyà, ọ̀rọ̀ òfìfo ni yóò sọ. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú kò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ kí ó mọ bí a ti ń jókòó nílé ọ̀fọ̀, ohun tí a ń sọ fún ẹni tí ó sin ọmọ, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Ta ni ó lè sọ fún mi pé ọ̀kan nínú ìmọ̀ méjèèjì ti tó?

VI. Ohun tí a lè ṣe

Ní òde ayé, àwọn mìíràn ti rí ìṣòro yìí kí àwa tó rí i. Ní ọdún 1958, lẹ́yìn ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ ajíhìnrere gbogbo ayé tí a ṣe ní Gánà, a dá àpò owó kan sílẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù 4 dọ́là fún ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìnì Amẹ́ríkà. Owó náà kọ́ ilé ìkàwé, ó sì rán àwọn olùkọ́ lọ sí òkè òkun. Nígbà tí ó fi di ọdún 1972, àwọn tí ó ń ṣàkóso rẹ̀ ti ń wí pé owó àti oyè kò tó: ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ fi gbòǹgbò múlẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ti ń kọ́ ọ. Ní Guatemala, àwọn Presbitéríà rí i pé àwọn tí wọ́n mú wá kọ́ ẹ̀kọ́ ní olú ìlú kì í fẹ́ padà sí abúlé, àti pé àwọn tí abúlé ń tẹ̀lé ní tòótọ́ kò lè fi oko àti ìyàwó sílẹ̀ wá sí olú ìlú. Ní ọdún 1963 wọ́n yí ètò náà padà: akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìwé ní ilé rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ oko rẹ̀ lọ, olùkọ́ sì ń wá pàdé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítòsí. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń rin ìrìn àjò.

Mo rò pé ohun mẹ́ta ni ó wà ní ìkáwọ́ wa, tí kò sì ní ná wa ní owó púpọ̀.

Èkínní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba oyè nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní ilẹ̀ Yorùbá láìjẹ́ pé ó kọ kókó ìwé rẹ̀ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, ní ogún ojú ewé ó kéré tán, kí ó sì kà á sí etí ìgbọ́ ìjọ kan. Ohun tí ènìyàn kò lè sọ fún ìyá Ìjàgbà, ó yẹ kí ó tún un rò bí òun tìkára rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn kan yóò ní èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Crowther kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ìwé Róòmù pàdé.

Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lo oṣù mẹ́fà ní ìlú kékeré kan kí a tó fi í jẹ díákónì, kí ó má lọ gẹ́gẹ́ bí oníwàásù. Kí ó lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àwọn àgbà. Kí ó kọ bí ìhìnrere ti ṣe dé ìlú náà, orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á, ìyà tí wọ́n jẹ, òwe àti ọ̀nà ìlàjà tí ó wà níbẹ̀. Kí ó sì ṣọ́ra nípa èdè. Ní ilẹ̀ Ọ̀sẹ́ yìí, ohùn ìlú kan kì í ṣe ti èkejì. Àdúgbò kan wà ní Ìdóàní tí èdè rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá. Ẹni tí ó rò pé Yorùbá inú ìwé ti tó fún gbogbo ibi yóò wàásù fún ògiri. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ èyí ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ìwé ìtàn gbogbo ìjọ láti Ọ̀wọ̀ dé Ìjàgbà ìbá wà lórí pẹpẹ ìwé wa lónìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó lè sọ ọ́ ti sùn, a sì sin ìwé náà pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀kẹta, kí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní àyè fún àwọn kátíkísì àti àwọn àgbà ìjọ tí kò lè fi oko sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ṣe olórí ìsìn ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré ní ọjọ́ Ìsinmi tí àlùfáà kò lè dé. Kí olùkọ́ wá bá wọn ní ìdajì ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ti Guatemala. Yóò kọ́ wọn, wọn yóò sì kọ́ òun náà, bí ó bá lè tẹ́ etí.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ni ọ̀rọ̀ yìí yóò kọ́kọ́ bá wí, nínú wọn ni àwọn ọ̀rẹ́ mi sì wà. Kí wọ́n má bínú. Èmi ni mo kọ ìwé gígùn lórí ìdáláre láìrántí obì. Kò sí olùkọ́ tí ó dí mi lọ́wọ́ láti rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bi mí léèrè rẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí mo padà lọ sí Ìjàgbà ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo béèrè ìyá náà. Ara rẹ̀ kò le dáadáa, mo sì gbé Oúnjẹ Olúwa lọ bá a nílé. Lẹ́yìn tí ó gbà á tán, mo sọ fún un pé mo ti ń ronú lórí ẹjọ́ tí ó bi mí. Mo ní, “Ìyá, Ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó mú obì wá fúnra rẹ̀. Òun ni ó pa á, ó sì tún pè wá kí a wá jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ẹ wàásù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, Àlùfáà wa, kí àwọn ọmọ lè gbọ́.”

Mo ti ń wàásù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn tí ó fún mi ní oyè kò tíì mọ̀ pé mo ní olùkọ́ mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Kí ẹ̀yin náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará nínú Ìjọ, wá àgbà kan tí ó kù ní àdúgbò yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ mú ìwé àti kálàmù lọ́wọ́, kí ẹ sì jókòó.